Ta ló ṣọ̀fọ̀ Gríma?

Nígbà tí The Return of the King, apá kẹta fíìmù The Lord of the Rings, dé sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, òkú méjì ni wọ́n ti yọ kúrò nínú ẹ̀. Ariwo tí wọ́n pa lórí ọ̀kan kò kéré. Èkejì, n ò rántí ẹni tó béèrè ẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni Saruman, àgbà oṣó tó da àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, tó lọ di kòríkòsùn ọ̀tá. Christopher Lee ló ṣe é. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún lásìkò yẹn, ọdọọdún ló sì máa ń tún ìwé Tolkien tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà kà. Nínú gbogbo òṣèré tó wà nínú fíìmù náà, òun nìkan ló ti fojú kan Tolkien rí. Àfi bí wọ́n ṣe ní gbogbo ibi tó ti hàn nínú apá kẹta, ìṣẹ́jú bíi méje, làwọn ti gé dànù. Inú bí i gan-an, kò sì yọjú síbi àfihàn àkọ́kọ́. Àwọn olólùfẹ́ fíìmù náà gba ìjà ẹ̀ jà. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì fọwọ́ sí i pé kí Peter Jackson, olùdarí fíìmù náà, dá bàbá padà sáyè ẹ̀ kó lè ráyè kú dáadáa.

Ẹ̀bẹ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀: èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ pa ẹnì kan lójú òun. Síbẹ̀ mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Nínú ẹ̀yà ti sinimá, Gandalf, oṣó rere tó ń ta ko Saruman, àti Théoden ọba Rohan gẹṣin dé ìdí ilé gogoro tí Saruman sá pamọ́ sí. Omi ti bo gbogbo àyíká. Treebeard, ẹ̀dá onígi tó ń sọ̀rọ̀, ní Saruman ti wà ní àtìmọ́lé. Gandalf ní agbára ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó máa jókòó síbẹ̀. Wọ́n yí ẹṣin padà, ó parí. Ẹni tó da ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọmọ ogun síta pé kí wọ́n lọ run odindi orílẹ̀-èdè kan, ṣé bó ṣe yẹ kó lọ nìyẹn?

Àwa tó jẹ́ pé fíìmù Yorùbá la fi mọ fíìmù wíwò, irú ẹ̀ kò lè bá wa lára mu rárá. Ìkà tiwa kì í gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àṣírí gbọ́dọ̀ tú, á wá máa ka ibi tó ti ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó pa, oúnjẹ tó fi májèlé sí, ọmọ tó fi ṣòògùn owó, tí gbogbo ẹbí á máa ké "Yéè!" yí i ká. Ìgbà tó bá jẹ́wọ́ tán ló tó lè ya wèrè tàbí kó kú. Ẹlòmíì ò tilẹ̀ bìkítà fún ikú yẹn. Ìjẹ́wọ́ ló torí ẹ̀ jókòó.

Àlàyé Jackson ni pé fún fíìmù kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ya ìran náà, àti pé nígbà tí wọ́n gbé e wá síbẹ̀rẹ̀ ìkẹta, ńṣe ló dà bíi pé iṣẹ́ èṣí ni wọ́n ṣì ń parí. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀. Fíìmù tó ti lé ní wákàtí mẹ́ta kò láyè gbèsè àtijọ́. (Ẹ má sọ fún àbúrò mi pé mo sọ bẹ́ẹ̀.) Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ẹ̀yà gígùn jáde lórí DVD, ikú Saruman sì padà wá. Inú àwọn èèyàn dùn. Lee àti Jackson parí ìjà, bàbá náà tilẹ̀ tún padà wá ṣe Saruman nínú àwọn fíìmù Hobbit kó tó dágbére fáyé lọ́dún 2015. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yanjú.

Òkú kejì ńkọ́?

Gríma lorúkọ ẹ̀. Wormtongue làwọn èèyàn ń pè é lẹ́yìn. Brad Dourif ló ṣe é, ọkùnrin kan náà tó ni ohùn Chucky, ọmọlángidi apààyàn tí kò jẹ́ kí púpọ̀ nínú wa sùn ní kékeré. Nígbà tí wọ́n gé ikú Saruman, wọ́n gé ti Gríma mọ́ ọn, nítorí orí ilé gogoro kan náà làwọn méjèèjì kú sí. Dourif ò sí nínú apá kẹta tó dé sinimá páàpáà. N ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀.

Olùdámọ̀ràn ọba ni Gríma ní Rohan. Ẹni tí wọ́n ní kó kín ọba lẹ́yìn, ẹ̀gún ló há sọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ etí Théoden ló jókòó sí, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i títí ojú ọba fi ṣú, tí kò mọ èèyàn ẹ̀ mọ́, tí ikú ọmọkùnrin ẹ̀ kan ṣoṣo kò fi lè mi ín. Saruman ló ń rán an níṣẹ́. Owó iṣẹ́ tó ń retí ni Éowyn, ọmọ àbúrò ọba, obìnrin tí kò fẹ́ rí i sójú. Nígbà tí Gandalf tú ọba sílẹ̀ nínú ìdè yẹn, wọ́n wọ́ Gríma síta, wọ́n jù ú sórí àtẹ̀gùn, Théoden sì yọ idà. Aragorn, jagunjagun tó bá Gandalf wá, ló di ọba mú, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣòfò nítorí ẹ̀ ti tó. Ó na ọwọ́ sí Gríma kó lè dìde. Gríma tutọ́ sí ọwọ́ náà, ó sá lọ.

Títí débẹ̀, kò sí ohun tó ta kókó. Ẹni tó bá wo fíìmù ní kékeré ládùúgbò wa mọ òfin ẹ̀: ákítọ̀ kì í kú, bọ́ọ̀sì á kú nígbẹ̀yìn, bọ́ìsì á máa kú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọta kan, bọ́ìsì kan. A kì í ka iye wọn, a kì í bi pé ta ni ìyá wọn. Bí wọ́n bá ṣe ń ṣubú la ó máa pàtẹ́wọ́. Gríma kàn jẹ́ bọ́ìsì tó mọ̀wé ni.

Ó sá dé ọ̀dọ̀ Saruman, ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Saruman ń da ẹ̀tù sínú ohun ìjà tuntun kan, Gríma mú àbẹ́là dání, ó ń sún mọ́ ọn láti wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Saruman yára gbá a lọ́wọ́ mú. Gbogbo ilé la máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó wá sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé ibi tí ètò yìí ti máa wọ́ ni ti ọmọ ogun. Iye tó lè wó odi Helm's Deep, ibi ààbò àwọn ará Rohan, kò sí láyé. Ọ̀gá mú un jáde síta lókè. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ ṣú fún ọmọ ogun, ọ̀kọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, igbe wọn ń mi ògiri. Kámẹ́rà wá sún mọ́ ojú Gríma. Omijé kan ṣoṣo já bọ́, ó ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò nù ún. Kò sọ nǹkan kan.

Kò sí omijé yìí nínú ìwé Tolkien. Àwọn tó ṣe fíìmù ló fi sí i, láti ìgbà náà sì làwọn olólùfẹ́ ti ń bára wọn fà á. Àwọn kan ní ẹ̀rù ló bà á. Àwọn kan ní ẹwà agbára ló pa á níyè. Tèmi ni pé ọmọ Rohan ni, ilé ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ jó. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ẹnu pa àwọn èèyàn ẹ̀, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fojú ara ẹ̀ rí ohun tí ẹnu ẹ̀ ṣe. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹni tí wọ́n bá ti fi omijé ẹ̀ hàn wá báyẹn ti kúrò ní bọ́ìsì. A ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sórí ilé gogoro nínú ẹ̀yà gígùn. Saruman dúró téńté lókè, ó ń fi ohùn oyin bá Théoden sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Théoden fèsì pé àlàáfíà á wà lọ́jọ́ tí Saruman bá jíhìn ilé tó jóná àti àwọn ọmọdé tó kú, lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ó rọ̀ káwọn ẹyẹ ìwò ẹ̀ máa fi ṣeré. Saruman ju iná lu Gandalf, kò ràn án. Gandalf sọ̀rọ̀ kan, ọ̀pá ọwọ́ Saruman fọ́ yángá. Ìgbà yẹn ni Gríma yọ lẹ́yìn ọ̀gá ẹ̀, irun ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú, ó ká gúlútú. Théoden gbójú sókè, ó pè é lórúkọ. Ó ní kì í ṣe dandan kó máa tẹ̀ lé ọkùnrin yìí, bó ṣe wà yìí kọ́ ló ṣe wà tẹ́lẹ̀, ọmọ Rohan ni í ṣe. Ó ní kó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó sọ ọ́ nìyẹn o: ọba tí Gríma fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ̀rọ̀ pa, tí òkú ọmọ ẹ̀ ò tíì pẹ́ nílẹ̀. Bernard Hill ló ṣe Théoden, kò sì lọgun sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí bàbá ṣe ń pe ọmọ tó ti pẹ́ níta.

Gríma tẹrí, ó ṣe bí ẹni fẹ́ gbẹ́sẹ̀. Saruman ní kò lè bọ́ láéláé. Gríma ní rárá, ohùn ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde. Saruman gbá a lójú, ó pè é lájá, Gríma ṣubú. Gandalf ṣì ń bi Saruman léèrè ohun tó mọ̀ nípa ètò ọ̀tá lọ́wọ́ nígbà tí Gríma dìde lẹ́yìn ẹ̀ tòun tọ̀bẹ. Ó gún un, ó tún gún un. Ọfà Legolas, tafàtafà tó wà lẹ́yìn Gandalf, ti ìsàlẹ̀ wá, Gríma ṣubú sẹ́yìn, a ò rí i mọ́. Saruman já bọ́ láti òkè, irin ṣóńṣó tó wà lára kẹ̀kẹ́ omi ńlá kan sì gbà á sókè. Àwọn tó mọ Lee láti ìgbà tó ń ṣe Dracula rẹ́rìn-ín músẹ́ síyẹn, torí nínú ọ̀kan nínú wọn tó jáde lọ́dún 1972, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin náà ló gún un pa.

Èmi, àbúrò mi àti ìyá wa la jọ wò ó ní yàrá ìgbàlejò n'Íbàdàn. Mọ́mì ò wo àwọn apá tó ṣáájú; wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí lórí àtẹ, wọ́n sì ń bi wá ní ìbéèrè bí wọ́n ṣe ń ṣà á. Bí ọfà ṣe wọlé, àbúrò mi fò sókè: "Ẹ̀san! Ẹ̀san ti dé!"

Mọ́mì gbé ọwọ́ kúrò lórí àtẹ. "Ẹ dúró ná. Ẹni tí wọ́n ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ yẹn, òun náà ni wọ́n tún ta lọ́fà?"

"Mọ́mì, ó gún ọ̀gá ẹ̀ ni."

"Ọ̀gá wo? Ọ̀gá tí wọ́n wá bá jà?"

Àbúrò mi wojú mi. Mo wo tẹlifíṣọ̀n. Mọ́mì pòṣé, wọ́n padà sídìí ẹ̀gúsí wọn.

Mo ti gbọ́ gbogbo ìdáhùn tó wà fún ìbéèrè yẹn. Èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé Gandalf ń fọ̀rọ̀ wá Saruman lẹ́nu wò, ìròyìn tí wọ́n nílò wà nínú ẹni tí wọ́n ń gún lọ́bẹ, Legolas sì fẹ́ gbà á sílẹ̀. Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ ọ̀bẹ ti wọlé kí ọfà tó kúrò nílẹ̀, ìròyìn náà sì bá Saruman lọ bákan náà. Àwọn mìíràn ní èyí tó ṣe ní Rohan nìkan ti tó kó kú fún. Bóyá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ẹ̀ṣẹ̀ yẹn lára ni Théoden àti Éowyn, Théoden sì ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó fẹ́. Legolas kì í ṣe ará Rohan. Kò tilẹ̀ bi ọba kó tó ta ọfà náà.

Ohun tó bí mi nínú gan-an ni ohun tó tẹ̀ lé e. Gandalf ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀rẹ́ àwọn pé ọ̀tá ti ń bọ̀. Treebeard sọ̀rọ̀ nípa ìdọ̀tí tó ń wẹ̀ lọ. Pippin rí òkúta aríran nínú omi. Nípa ẹni tí ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ pè lọ́mọ Rohan, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Fíìmù tó fi omijé sọ ọ́ di èèyàn ló tún pa á ní pípa bọ́ìsì.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa yíya ìran náà. Jackson ń ṣàlàyé fún Lee bó ṣe fẹ́ kó ké nígbà tí ọ̀bẹ bá wọlé. Lee, tó jagun nínú Ogun Àgbáyé Kejì, bi í bóyá ó mọ irú ohùn tí èèyàn máa ń ṣe tí wọ́n bá gún un lẹ́yìn, torí òun mọ̀ ọ́n. Èémí ló máa ń jáde, kì í ṣe igbe. Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Ìtàn tó dáa ni, àwọn olólùfẹ́ ò sì jẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbọ́ ọ ni mo máa ń rò ó pé èémí ìkẹyìn ọ̀gá la mọ̀ dórí bó ṣe jáde ní káà àyà. Ti abẹ́ṣinkáwọ́ ẹ̀, ẹ̀yìn ló ṣubú sí, ó tán.

Tolkien ò pa wọ́n síbẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀ tó jáde lọ́dún 1955, Saruman àti Gríma kúrò nínú ilé gogoro náà láàyè, wọ́n di alágbe lójú ọ̀nà, wọ́n sì lọ ba ìlú àwọn hobbit, àwọn èèyàn kúkurú inú ìtàn náà, jẹ́. Ẹnu ọ̀nà ilé Frodo, hobbit tó jẹ́ akọni ìtàn náà, gan-an ni wọ́n kú sí. Saruman gbìyànjú láti gún Frodo, ẹ̀wù irin gbà á là, Frodo sì ní kí wọ́n má pa á. Ó wá yíjú sí Gríma: kì í ṣe dandan kó tẹ̀ lé e, òun ò mọ ibi kankan tó ṣe fóun, kó dúró jẹun kó sinmi títí ara ẹ̀ á fi le. Gríma dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Saruman rẹ́rìn-ín, ó tú àṣírí: Gríma ló pa Lotho, ìbátan Frodo, lójú oorun. Ó tún jù ú sí wọn pé ebi ti ń pa Gríma gan-an láìpẹ́ yìí, bóyá ló sin òkú náà. Gríma ní ìwọ lo ní kí n ṣe é. Saruman ta á nípàá lójú.

Ìyẹn ló fọ́ ọ. Ó bẹ́ mọ́ Saruman lẹ́yìn, ó dú u lọ́rùn, ó sì sá gba ọ̀nà lọ. Kí Frodo tó lè sọ ọ̀rọ̀ kan, ọfà mẹ́ta ti kúrò nínú ọrun àwọn hobbit, Gríma sì ṣubú, ó kú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọfà náà ló pa á níbẹ̀ pẹ̀lú. Tolkien ò ṣàánú ju Jackson lọ. Àmọ́ ó jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Frodo, kò sì ráyè sọ ọ́. Ó tún jẹ́ kí Sam, ọ̀rẹ́ Frodo, sọ tiẹ̀: pé òpin burúkú ni, ì bá wu òun kóun má rí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa lọ, ó dàbọ̀. Inú Sam dùn, ojú sì tì í díẹ̀ pé inú ẹ̀ dùn. Mo rò pé ìdáhùn tó ṣòótọ́ jù nìyẹn tí mo ti rí sí ikú ìkà kékeré kankan, ó sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń jà lórí fíìmù yìí.

Nítorí náà, n ò ní kí wọ́n dá ẹ̀mí Gríma sí nítorí pé ó sunkún. Ẹlòmíì ń sunkún, ó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kéré ju ìyẹn lọ, ó sì le ju ìyẹn lọ. Kí Gríma gún ọ̀gá ẹ̀, kí Legolas fọwọ́ mọ́wọ́, kí Gríma wá sọ àtẹ̀gùn yẹn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tòun tẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, kó dúró níwájú ẹni tó pè é. Kí Théoden wá mọ ohun tó máa fi ẹni tóun pè ṣe. Ó rọrùn láti sọ pé "máa bọ̀" fún ẹni tó wà lókè ilé gogoro. Ìgbà tó bá dé lẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọba tó ń lọ sógun tó máa pa á, ẹjọ́ yẹn ni mo fẹ́ rí i kó dá kó tó gẹṣin.

Mo sọ èyí fún àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fíìmù tó ti lé ní wákàtí mẹ́rin lẹ tún fẹ́ fi ẹjọ́ kóòtù kún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n yọ méjì nínú ìparí fíìmù náà dí i. Ó ṣáà ní tó márùn-ún.